Òrè, Oríta Àwọn Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù: Láti Ìjà 1967 dé Ìgbéga 2021

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀, oríta kan wà ní ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí ọ̀pọ̀ ọ̀nà ilẹ̀ wa máa ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé ọjà tí wọ́n ń lọ. Oríta náà ni Òrè, tí í ṣe ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Òdìgbò. Awakọ̀ mọ̀ ọ́n, oníṣòwò mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó ń ti Èkó lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀ ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà ní àsìkò ọdún náà mọ̀ ọ́n.

Bí a bá dárúkọ ìlú yìí létí àgbàlagbà ilẹ̀ Yorùbá, gbólóhùn tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni "Ó le kú, ìjà Òrè." Ogun abẹ́lé ni ó bí gbólóhùn náà, ó sì ti di àṣamọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn fún ohunkóhun tí ó bá gbóná tàbí tí ó bá kọjá àfẹnusọ. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà kan náà tí àwọn ọmọ ogun tọ̀ ní 1967, àwọn arìnrìn-àjò mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ní kété tí ogun parí. Àwọn wọ̀nyí kò gbé ìbọn. Ìlù, fèrè àti àsíá ni wọ́n gbé dání, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn lọ sí ìlú onílùú.

Ìtàn irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù wà lára àwọn tí ó sọ ọ̀nà ogun di ọ̀nà àlọ-àbọ̀, àti pé ìrántí wọn jẹ́ ara ìtàn ilẹ̀ wa tí ó yẹ ní kíkọ sílẹ̀ kí àwọn tí ó ni í tó tán láyé.

Ìlú tí ọ̀nà mẹ́rin ti pàdé

Kí òye ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ọ̀nà ṣe rí. Ẹni tí ó bá dúró sí Òrè, tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù àti Èkó ni ó ń wò. Bí ó bá yíjú sí ìlà-oòrùn, ọ̀nà Ọ̀fọ̀sù àti Benin ni. Ibẹ̀ ni a sì ń gbà dé Asaba, Onitsha àti Ẹnúgu. Ní àríwá ni ìlú Òdìgbò wà, tí ọ̀nà ti ibẹ̀ lọ sí ìlú Oǹdó àti Akúrẹ́. Ní gúúsù ni ọ̀nà Òkìtìpupa wà, tí ó lọ sí agbègbè àwọn Ìkálẹ̀ àti àwọn Ìlàjẹ létí òkun.

Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ náà. Kòkó, igi gẹdú, epo pupa àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a mọ̀ ọ́n sí, igbó ọba Olúwa kò sì jìnnà. Nítorí pé Òrè wà láàrin Èkó àti Benin, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì tí ń lọ sí ìlà-oòrùn ti máa ń dúró kí àwọn èrò lè jẹun, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n sì lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ẹni tí ó fẹ́ ẹ̀bà rí ẹ̀bà, ẹni tí ó fẹ́ iyán rí iyán, ẹni tí ó fẹ́ ẹran ìgbẹ́ rí i. Láàrin wákàtí kan ṣoṣo, a lè gbọ́ èdè Yorùbá, Ìgbò, Ẹ̀dó, Urhobo àti Haúsá lórí tábìlì oúnjẹ kan náà.

Èyí ṣe pàtàkì fún ìtàn wa. Àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta tí òkìkí wọn kàn jù ní gúúsù Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970 ni Shooting Stars ti Ìbàdàn, Rangers ti Ẹnúgu àti Bendel Insurance ti Benin. Bí Rangers tàbí Insurance bá ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù ní Èkó, Òrè ni ọ̀nà. Bí ará Ìbàdàn bá sì ń lọ sí Benin tàbí Ẹnúgu, kò sí ọ̀nà tí ó tún rọrùn fún un ju kí ó gba Ìjẹ̀bú-Òde já sí Òrè.

Ìjà Òrè

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ògún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra kọjá lórí afárá odò Ọya ní Onitsha, wọ́n sì wọ Ìpínlẹ̀ Àárín Ìwọ̀-Oòrùn. Benin bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀gágun tí ó ṣáájú wọn, Victor Banjo, ọmọ Yorùbá ni. Láti Benin ni wọ́n ti dojú kọ ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀rù ba àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn, nítorí pé bí wọ́n bá kọjá Òrè, ọ̀nà ti là fún wọn.

Wọn kò kọjá Òrè. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró, tí wọ́n sì lé wọn padà sẹ́yìn. Ní ogúnjọ́ oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, ìjọba àpapọ̀ gba Benin padà. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà, Biafra yìnbọn pa Banjo ní Ẹnúgu lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Ẹnúgu pàápàá bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ̀wàrà, àwọn ọmọ ogun Biafra sì ba afárá Onitsha jẹ́ bí wọ́n ti ń padà sẹ́yìn. Ogun kò parí títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1970.

Gbólóhùn "Ó le kú, ìjà Òrè" dúró sẹ́nu àwọn ènìyàn lẹ́yìn tí ìbọn dákẹ́. Gbólóhùn kúkúrú ni, ó rọrùn láti rántí, ó sì rọrùn láti fi kọrin. Ohun tí kò sọ fún wa ni ìyà tí ó jẹ àwọn tí ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà, yálà Yorùbá, Ẹ̀dó tàbí Ìgbò. Kò sì sọ bí ó ti pẹ́ tó kí ẹni tí ó ń gbé ní Ẹnúgu tó lè wọkọ̀ gba Òrè kọjá láìsí ìfòyà.

Ìbàdàn àti Ẹnúgu lórí pápá

Ní 1970, lẹ́yìn ogun, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Rangers sílẹ̀ ní Ẹnúgu. Fún àwọn ará ìlà-oòrùn tí ogun ti gba ilé, owó àti ènìyàn lọ́wọ́ wọn, ẹgbẹ́ yìí ju ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lọ. Ó jẹ́ ibi tí wọ́n ti lè díje pẹ̀lú ìyókù orílẹ̀-èdè lórí òfin kan náà, kí wọ́n sì borí bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n gbá. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi dé ojú ọpọ́n. Ní 1971, wọ́n dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè. Ẹgbẹ́ WNDC ti Ìbàdàn, tí ó wá di IICC Shooting Stars lẹ́yìn náà, ni ó borí wọn pẹ̀lú ayò méjì sí ẹyọ kan. Ní 1975, ẹgbẹ́ méjèèjì tún pàdé ní àṣekágbá ife náà. Rangers ni ó sì gbà á lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú ayò kan sí òdo.

Ní 1976, Shooting Stars di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí yóò gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ni. Tonnerre ti Yaoundé, tí Roger Milla wà nínú wọn nígbà náà, ni wọ́n ṣẹ́gun: ayò mẹ́rin sí ẹyọ kan ní ìpàdé àkọ́kọ́, kí wọ́n tó fi ẹyọ kan sí òdo pàdánù ní Yaoundé. Nítorí pé Ìbàdàn ni ó ni ife náà lọ́wọ́, wọ́n láǹfààní láti tún díje ní 1977. Rangers náà wọlé sí i, nítorí pé àwọn ni ó gba ife orílẹ̀-èdè ní 1976. Bí ẹgbẹ́ méjì láti Nàìjíríà ṣe pàdé nìyẹn ní ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọdún mẹ́wàá péré ni ó ti kọjá lẹ́yìn ìjà Òrè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí yóò kún pápá ìṣeré ni ó rántí ogun dáadáa. Ara gbóná débi pé wọn kò gbá ọ̀kankan nínú ìpàdé méjèèjì ní Ìbàdàn tàbí ní Ẹnúgu. Èkó ni wọ́n ti gbá ti àkọ́kọ́, wọ́n ta ọ̀mì láìsí ayò. Kàdúná ni wọ́n gbé ìkejì lọ, ìlú tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Níbẹ̀ náà, wọ́n tún ta ọ̀mì láìsí ayò, ó sì di ọ̀ràn pẹnáritì. Rangers ni ó borí. Wọ́n lọ pàdé Canon ti Yaoundé ní àṣekágbá, wọ́n sì gba ife náà wálé sí Ẹnúgu.

Fún ìpàdé ti Èkó, ọ̀nà Òrè ni ọ̀nà tí ó tọ́ tààrà fún ẹni tí ó bá ń ti Ẹnúgu bọ̀. Ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun kò lè là kọjá ní 1967 ni olólùfẹ́ Rangers lè gbà ní 1977, kí ó dúró jẹun ní Òrè, kí ó sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Èyí kò túmọ̀ sí pé ọgbẹ́ ogun ti jinná. Bí ó bá ti jinná ni, kí ló dé tí wọ́n fi ní láti gbé bọ́ọ̀lù lọ sí Kàdúná? Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ìjà ti bọ́ sórí pápá, níbi tí òfin wà, tí adájọ́ wà, tí ẹni tí ó pàdánù yóò sì padà sílé láàyè.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1980 jẹ́rìí sí èyí. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà, Nàìjíríà na Algeria ní ayò mẹ́ta sí òdo ní Èkó, ó sì gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Christian Chukwu ti Rangers ni balógun ẹgbẹ́ náà. Best Ogedegbe ti Shooting Stars ni ó ṣọ́ ilé. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti Shooting Stars gbá méjì wọlé, Múdà Lawal tí òun náà jẹ́ ti Shooting Stars gbá ẹyọ kan. Àwọn tí ìlú wọn kò lè gba ara wọn lálejò ní 1977 ni ó jọ gbé ife kan sókè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ohun tí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń rántí

Ìwé àkọsílẹ̀ máa ń sọ iye ayò, orúkọ agbábọ́ọ̀lù àti orúkọ pápá. Kì í sọ bí òǹwòran ṣe dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó ti àgbàlagbà tí ó ti tẹ̀ lé ẹgbẹ́ rẹ̀ rìnrìn-àjò rí yóò ṣàkíyèsí pé ìtàn ọ̀nà sábà máa ń gùn ju ìtàn bọ́ọ̀lù lọ. Bọ́ọ̀lù jẹ́ àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Ọ̀nà lè gba ọjọ́ kan gbáko ní àlọ, kí ó tún gba òmíràn ní àbọ̀.

Owó ni ohun àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀rẹ́, ará àdúgbò tàbí ọmọ ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn yóò dá owó jọ, wọn yóò háyà bọ́ọ̀sì, wọn yóò sì yan ẹni tí yóò máa pa owó mọ́. Ẹni tí kò ní tó yóò san díẹ̀, ẹni tí ó ní yóò fi kún un. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ, ìlù, aṣọ aláwọ̀ ẹgbẹ́ àti rédíò. Rédíò ṣe pàtàkì púpọ̀ láyé ìgbà náà, kí fóònù alágbèéká tó dé. Ẹni tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, tí kò sì dé pápá mọ́, lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bíi Ernest Okonkwo, tí ó di olóògbé ní 1990, ni yóò ti gbọ́ bí ìdíje ṣe ń lọ.

Òrè ní ipò tirẹ̀ nínú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Ní àlọ, ibẹ̀ ni ibi tí a ti ń sọ bí ìdíje yóò ṣe rí, tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń fi ẹnu ara rẹ̀ gbá góòlù wọlé. Ní àbọ̀, ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá ìrìn náà dára tàbí kò dára. Bí ẹgbẹ́ bá borí, orin ni yóò ṣáájú èrò wọ ilé oúnjẹ. Bí ó bá pàdánù, oníkálukú yóò jẹun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, yóò padà sínú ọkọ̀. Olóúnjẹ kò ní béèrè èsì mọ́. Ojú àwọn oníbàárà ti sọ ọ́.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí òpìtàn ṣàkíyèsí. Ní oríta bíi Òrè, olólùfẹ́ ẹgbẹ́ méjì tí ó ń bá ara wọn díje lè pàdé ní ilé oúnjẹ kan náà. Wọn kò sí lórí pápá mọ́, kò sí ọlọ́pàá láàrin wọn. Wọ́n lè bú ara wọn, wọ́n sì lè fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n omi kan náà ni wọn yóò fi fọwọ́. Èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ ìbágbépọ̀ tí a kò lè rí nínú ìwé òfin.

Akúrẹ́ gba Òrè lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Ìpínlẹ̀ Oǹdó kàn ń wo àwọn tí ń kọjá ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù Èrèlé 1976, ó ti ní ìfẹ́ tirẹ̀ sí bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ Sunshine Stars ti Akúrẹ́ sì ni ó gbé orúkọ rẹ̀ jìnnà jù. Ní 2011, ẹgbẹ́ yìí dé ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje Confederation Cup ti ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 2012, wọ́n tún dé irú ìpele kan náà nínú Champions League, ìdíje tí ó ga jù fún àwọn ẹgbẹ́ Áfíríkà, wọ́n sì bá Al Ahly ti Cairo pàdé.

Kì í ṣe Akúrẹ́ ni wọ́n ti gba àlejò náà. Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni. Ẹni tí ó bá ń ti Akúrẹ́ lọ wò ó yóò gba Oǹdó, yóò gba Òdìgbò, yóò já sí Òrè, yóò wá yà sí ìwọ̀-oòrùn. Ní ọjọ́ náà, àwọn ará Òrè àti Òdìgbò sún mọ́ pápá ju àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ lọ. Ayò mẹ́ta sí mẹ́ta ni èsì. Ní Cairo, Al Ahly fi ayò kan sí òdo borí, wọ́n sì gba ife náà níkẹyìn.

Al Ahly tí ó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún náà ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé 2012, àwọn olólùfẹ́ wọn tẹ̀ lé wọn lọ sí ìlú Port Said ní Íjíbítì. Lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù parí, ìkọlù bẹ́ sílẹ̀ nínú pápá, ènìyàn tí ó lé ní àádọ́rin ni ó sì kú. Wọ́n dá líìgì orílẹ̀-èdè náà dúró. Àwọn wọ̀nyẹn náà kúrò nílé láti lọ wo ẹgbẹ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn tiwa ṣe máa ń gba Òrè lọ, ṣùgbọ́n wọn kò rí ọ̀nà àbọ̀.

Ewu ojú ọ̀nà

Ní tiwa, ojú ọ̀nà gan-an sábà máa ń léwu ju pápá lọ. Láàrin ọdún 2000 sí 2010, ọ̀nà Òrè sí Benin bàjẹ́ débi pé àwọn èrò ń sùn mọ́jú sínú ọkọ̀. Kòtò gbé ọkọ̀ mì, tírélà dábùú ọ̀nà, àwọn olè sì ń fi àǹfààní ìdúró náà ṣọṣẹ́. Ní 2007, mínísítà ètò ìrìnnà nígbà náà, Diezani Alison-Madueke, sunkún ní gbangba nígbà tí ó fojú ara rẹ̀ rí ipò tí ọ̀nà náà wà. Àtúnṣe dé lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó rìnrìn-àjò ní ìgbà náà kò lè gbàgbé.

Ewu yìí kò mọ sí Òrè nìkan. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2015, àwọn agbébọn yìnbọn lu agbábọ́ọ̀lù márùn-ún nínú ẹgbẹ́ Kano Pillars bí wọ́n ti ń lọ sí Owerri fún ìdíje líìgì. Ní òpin oṣù Ẹ̀bìbì 2025, ènìyàn tí ó lé ní ogún nínú ikọ̀ eléré ìdárayá Ìpínlẹ̀ Kano kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ bí wọ́n ti ń ti àjọ̀dún eré ìdárayá orílẹ̀-èdè tí Ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò bọ̀ wálé. Nítorí náà, nígbà tí òǹwòran bá sọ pé "a lọ, a sì bọ̀," ọ̀rọ̀ ńlá ni ó sọ. Àbọ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbéga ní Ẹnúgu

Láti 1972 ni líìgì orílẹ̀-èdè ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin líìgì kò mọ ojú ẹnikẹ́ni: ẹgbẹ́ tí ó bá gbẹ̀yìn yóò já sí ìpele ìsàlẹ̀, bí ó ti wù kí orúkọ rẹ̀ ti lókìkí tó. Ní 2017, Shooting Stars, ẹgbẹ́ tí ó gba líìgì náà ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, já kúrò ní ìpele àgbà. Ọdún mẹ́rin ni ó lò nísàlẹ̀. Fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá ní Ìbàdàn, ọdún mẹ́rin pẹ́ púpọ̀. Ó lè dàgbà di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún láìrí kí Rangers tàbí Enyimba wá sí ìlú rẹ̀ wá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá líìgì.

Ní 2021, wọ́n kó ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ó ṣe dáadáa jù ní ìpele kejì jọ sí ibì kan láti fi ìdíje yan àwọn tí yóò gòkè. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni àyè wà fún. Ìlú tí wọ́n ti ṣe é ni Ẹnúgu, lórí pápá tí Rangers fi ṣe ilé, èyí tí a fi orúkọ Nnamdi Azikiwe sọ. Shooting Stars wà lára àwọn mẹ́rin tí ó gba ìgbéga, àwọn pẹ̀lú Remo Stars, Niger Tornadoes àti Gombe United.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Ní 1977, Ìbàdàn àti Ẹnúgu kò lè gbá bọ́ọ̀lù yẹn ní ilé ara wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógójì, Ẹnúgu gan-an ni Ìbàdàn ti lọ gba ìwàláàyè rẹ̀ padà. Kì í ṣe pé ará Ìbàdàn kò dé Ẹnúgu láàrin ọdún wọ̀nyẹn. Líìgì a máa gbé ẹgbẹ́ méjèèjì lọ bá ara wọn. Irú ìlọ àti ìbọ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́dọọdún, láìsí ariwo, ni ó mú kí ó ṣeé ṣe ní 2021 láti gbé ìdíje tí ó gbẹgẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí Ẹnúgu láìsí pé ẹnikẹ́ni dárúkọ ogun. Ọ̀nà tí ó so Ìbàdàn mọ́ Ẹnúgu sì ń gba Òrè.

Iṣẹ́ tí ó kù

Ìjà Òrè ní gbólóhùn tirẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ìrìn-àjò àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kò ní. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń lọ. Múdà Lawal kú ní 1991, Best Ogedegbe kú ní 2009, Christian Chukwu náà sì tẹ̀ lé wọn ní 2025. Bí àwọn gbajúmọ̀ bá ń lọ báyìí, àwọn òǹwòran tí kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ń kọ́? Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1977 ti sún mọ́ àádọ́rin ọdún báyìí.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yìí lè jẹ́ iṣẹ́ àṣetiléwá tí ó dára fún kíláàsì ìtàn tàbí ti èdè Yorùbá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wá ẹnìkan tí ó ti tẹ̀ lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rìnrìn-àjò rí, kí ó sì bi í ní ìbéèrè tí ó yanjú. Ọkọ̀ wo ni ẹ wọ̀? Ta ni ó san owó? Ìlú wo ni ẹ ti dúró jẹun? Ẹ̀rù bà yín ní ibì kan bí? Báwo ni wọ́n ṣe gbà yín ní ìlú tí ẹ lọ? Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìdáhùn sílẹ̀ bí ó ṣe gbọ́ ọ, láìtún un ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ òpìtàn gan-an bẹ̀rẹ̀. Ìrántí ènìyàn a máa ṣì í. Bí ẹnìkan bá sọ pé òun wo ìpàdé kejì 1977 ní Ẹnúgu, àkọsílẹ̀ yóò sọ fún wa pé Kàdúná ni wọ́n ti gbá a. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe pe àgbà náà ní òpùrọ́, kí ó má sì ṣe fi àṣìṣe náà sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè jẹ́ pé ìdíje mìíràn ni ó wò ní Ẹnúgu, tí ọdún ti pa méjèèjì pọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé Ẹnúgu ni ọkàn rẹ̀ wà ní gbogbo ìgbà tí rédíò ń sọ̀rọ̀ láti Kàdúná. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí a rántí jẹ́ ìtàn fúnra rẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wà ní Òrè àti Òdìgbò, àǹfààní yín pọ̀ ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Àwọn olóúnjẹ, awakọ̀ àti ará gáréèjì tí ó ti pẹ́ ní ìlú yín ti rí olólùfẹ́ ẹgbẹ́ púpọ̀ tí ó ń kọjá, nínú ayọ̀ àti nínú ìbànújẹ́. Wọn kò wo bọ́ọ̀lù náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí ó ṣe parí. Ẹ lọ bá wọn kí ọjọ́ tó lọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Bí a kò bá kọ àrọ́bá wọn sílẹ̀ nísinsin yìí, ìjà nìkan ni àwọn ọmọ tí ń bọ̀ yóò mọ̀ mọ́ orúkọ Òrè.